Ìbéèrè Kọkànlélógójì

Mi ò ní fi bò fún yín: mo jowú ìyàwó àbúrò mi. Kì í ṣe irú owú tí èèyàn fi ń wo bàtà ẹlòmíràn tí yóò sì gbójú kúrò níbẹ̀ o. Èyí ń bá mi jí, ó ń bá mi wẹ̀, ó ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, ẹ bi télọ̀ mi léèrè, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ bíìlì nílé ìfọṣọ. Ẹ má rò pé alágbàfọ̀ tó ń fi ọwọ́ bọ omi lẹ́yìnkùlé ni mò ń sọ. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́fà ló ń yí níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá, ọsibítù méjì náà ń kó tiwọn wá, ká má tíì ka àwọn tó ń gbé aṣọ wá láti ilé wọn. Yàrá tèmi wà lẹ́yìn káńtà. Ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù sì máa ń gba ibẹ̀ wọlé wá kí mi. Orí tábìlì mi ni ìwé bíìlì máa ń wà: funfun fún oníbàárà, pupa rẹ́súrẹ́sú fún Ọ̀gá, yẹ́lò fún èmi, pẹ̀lú pépà kábọ́ọ̀nù láàárín wọn. Àǹtí Bíìlì ni wọ́n ń pè mí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára, kì í ṣe pé mò ń yin ara mi. Oníbàárà kan wà tó ní òun kì í lè ju bíìlì mi nù nítorí ó wu òun í wò.

Bàbá tó dá ilé ìfọṣọ náà sílẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà tí bàbá tèmi kú, àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní, ṣì ń kọ́ A, B, D. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀. Wọn ò dìbò. Gbogbo ojú kàn yí sọ́dọ̀ mi ni. Bíìlì tí mò ń kọ ló san owó iléèwé rẹ̀ títí dé yunifásítì, yunifásítì yẹn náà ló sì ti lọ pàdé ìyàwó. Ẹ ò rí i pé èmi ni mo fowó ara mi sanwó ọkọ̀ fún wàhálà.

Ìyàwó yìí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibi tó ti ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, tàbí kó máa bú ìyá ọkọ rẹ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú wọn jà. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kó tó gbé báàgì sílẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ kú ilé o." Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ rẹ̀ ni mí. Obìnrin tó bá fẹ́ àbúrò rẹ, ìwọ náà ti di ọkọ rẹ̀ nìyẹn, bí o tilẹ̀ ń wọ yẹ̀rì. Ìyá mi, tí èmi ń bá gbé, tí èmi ń fún lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, kì í sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kó má pe ìyàwó. "Ìyàwó wa ló bá mi tún fóònù mi ṣe." "Ìyàwó wa ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí." Mo ní, "Màámi, oògùn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì yẹn, ta ló rà á?" Ó ní, "Ìwọ náà kúkú ń gbìyànjú." Ẹ gbọ́ yẹn? Mò ń gbìyànjú!

Àfọwọ́fà ni bí ìyàwó ṣe dé ibi iṣẹ́ mi. Ẹnu mi ló fà á. Ẹni tí mò ń jowú nílé, òun náà ni mo máa ń fi yangàn níta: "Ìyàwó wa, ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún àwọn iléeṣẹ́ o." Ọ̀gá gbọ́. Ọmọ Bàbá ni Ọ̀gá yìí, òun ló gba ibẹ̀ nígbà tí Bàbá kú. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kò ní sùúrù, ó sì pẹ́ tó ti ń sọ pé bíìlì mi máa ń falẹ̀ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Lọ́jọ́ kan ó pè mí.

"Àǹtí," ó ní, "mo ti bá ìyàwó àbúrò yín sọ̀rọ̀. Ó máa wá ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa kọ bíìlì wa, tí yóò sì máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Tó bá parí, ẹnì kan ṣoṣo ni n ó fi sí yàrá yẹn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò jù ni n ó gbé àga náà fún."

Àga wo? Àga tèmi ni o, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán tí mo fi okùn dè é láti ọdún kẹfà! Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n ń wò wá. Dírẹ́bà wa, tó máa ń fi mọ́tò gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kí orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ní, "Àǹtí Bíìlì, ẹ níyàwó o!" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Eyín lásán ni.

Ó mú ìwé kan dání, ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù. Ojú ewé kan, ìbéèrè kan; ó ti fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí orí gbogbo wọn. Ó ní òun ò lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí òun fúnra òun ò mọ̀, nítorí náà èmi ni tíṣà òun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi, tí òtẹ́ẹ̀lì bá kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọgọ́rùn-ún wá, tí méjì nínú wọn ti ya kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́? Ọkọ mi, tí bọ́tìnnì bá já lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ọkọ mi, tí tọkọtaya bá kó aṣọ wá pọ̀, tí wọ́n wá ní bíìlì méjì làwọn fẹ́?

Mo dá a lóhùn. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ta ló bi mí rí nípa iṣẹ́ mi? Tí mo bá ti ń ṣàlàyé, yóò la ojú sílẹ̀, yóò ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mi ò bá má mọ èyí láéláé," yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rí jágajàga. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi òótọ́ dáhùn ogójì ìbéèrè.

Lọ́jọ́ tó kan ìbéèrè kọkànlélógójì, mo débi iṣẹ́, mo bá àga tuntun nínú yàrá mi. Dúdú, onítìmùtìmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní táyà, ó ń yí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń tú ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. "Ti ẹ̀njiníà wa ni," ó ní. "Ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ dùn ún." Ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ dùn ún! Èmi tí mo ti fi okùn de àga fún ogún ọdún, igi ni ẹ̀yìn tèmi, àbí? Mo wo ìyàwó bó ṣe jókòó tó sì yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá rí mi, ó fò dìde. "Ọkọ mi, ẹ wá jókòó sí i." Mo ní, "Jókòó, tìẹ ni."

Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé ẹnì kan wà tí a kì í kọ bíìlì fún rárá?"

Ó wà. Kí n sọ fún yín bó ṣe jẹ́. Tí èèyàn bá kú, tí ẹbí rẹ̀ bá kó aṣọ rẹ̀ wá fọ̀ kí wọ́n tó pín in, ilé ìfọṣọ wa kì í gba kọ́bọ̀. Òfin Bàbá ni. "Ẹni tí kò ní padà wá wọ̀ ọ́," Bàbá máa ń wí bẹ́ẹ̀, "kí ló kù tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ẹbí náà ò ní sọ nǹkan kan ní káńtà, a ò sì ní bi wọ́n. Èmi ni mo máa ń mọ̀ ọ́n, nítorí mo mọ gbogbo oníbàárà. N ó ka aṣọ náà, n ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, níbi tí owó yẹ kó wà n ó fa ìlà kan ṣoṣo. Wọn ò kọ òfin yìí síbì kankan. Orí mi ló wà.

Mo wo àga tó ń yí yẹn. Mo ní, "Kò sí."

Ó gbé bírò sókè. "Kò sí rárá, ọkọ mi?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Orúnkún rẹ̀ tún kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi: Kò sí. Ọkọ mi ló sọ ọ́. Ó kọ déètì sí i. Ẹ̀njiníà mìíràn ì bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ì bá lọ bi Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa kí n tó lanu.

Ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀. Tí aṣọ bá ti ṣetán, ìyàwó tàbí Dírẹ́bà á tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí. Lẹ́tà ara kọ̀ǹpútà náà tóbi bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ọ́ fún ọmọ jẹ́léósinmi. Mo ní, "Kí ni gbogbo èyí, ṣé ojú mi ti fọ́ ni?" Ìyàwó ní, "Rárá o, ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń tóbi," bẹ́ẹ̀ mo ti rí i lórí fóònù rẹ̀, wínníwínní ni lẹ́tà tibẹ̀. Mi ò jókòó tì í. Tó bá ní kí n wá tẹ̀ ẹ́ wò, orí á máa fọ́ mi, tàbí kí n ní aṣọ kan wà tí mo fẹ́ kà. Dírẹ́bà ló gbé àpótí sún mọ́ ọn, tó ń kọ́ ọ. Wọ́n di ìwé bíìlì mi sínú páálí, wọ́n gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Tíṣà wọlé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà ló máa ń gbé aṣọ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti kú. Mo lọ kí Tíṣà nílé. Ìyàwó wa ò mọ Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ rí.

Tíṣà gbé àpò méjì sórí káńtà. Ìyàwó kà á: kaba, gèlè, síwẹ́tà tí ìgúnpá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, aṣọ àwọ̀sùn kan. Mẹ́rìnlélógún. "Orúkọ wo ni ká kọ, sà?" Tíṣà dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó sì rọra mi orí. Ohun tí orí yẹn ń sọ yé mi: ìwọ mọ̀ ọ́n, mi ò ní láti ṣàlàyé. Èmi náà mi orí sí i. Ó jáde.

Mo dákẹ́ o! Inú mi tilẹ̀ ń dùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń rò? Mo ní bíìlì yóò jáde lórí pépà. Mo ní n ó gbà á kó tó dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, n ó gbé e lọ síwájú Ọ̀gá: "Ẹ wo ohun tí ẹ̀njiníà yín ṣe! Òkú ló ń kọ bíìlì sí. Bí kì í bá ṣe pé mo wà níbí ńkọ́?" Ọ̀gá yóò di orí mú, wọn yóò gbé páálí mi jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Tíṣà ò ní mọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa kú sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mò ń rìn yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ká bí ajá tó ń ṣọ́ egungun.

Pépà kan ò jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin mo bi Dírẹ́bà, bí ẹni pé n kò bìkítà: "Bíìlì ilé Tíṣà ńkọ́?"

"Àǹtí, ìyẹn ti lọ tipẹ́. Ọjọ́ tí aṣọ ti ṣetán ló ti lọ, ó sì tún ń rán wọn létí láràárọ̀."

"Pépà rẹ̀ dà?"

Ó wò mí. "Pépà wo? Orí fóònù ló ń gbà lọ. Ẹ̀yin ò mọ̀ ni?"

Èmi tí wọ́n bẹ̀ títí pé kí n wá jókòó kọ́ ọ, orí ń fọ́ mi. Ó yẹ kí n pariwo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní n ó sọ ọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, Tíṣà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé fóònù kékeré kan sórí káńtà, èyí tí wọ́n wé ní rọ́bà olómi aró. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Màmá Tíṣà kì í gbé e kúrò lọ́wọ́. Ọ̀gá jáde, ó kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Tíṣà. Aṣọ yín mẹ́rìnlélógún ti mọ́ tónítóní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé owó yín. Inú wa yóò dùn láti rí yín." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láràárọ̀.

"Kò jẹ gbèsè rí," ni Tíṣà wí. Ó ti ka owó náà kó tó kúrò nílé, ó so ó ní rọ́bà. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. "Mo wá san án." Kò pariwo. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan owó náà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó jáde, ó gbàgbé aṣọ.

Ọ̀gá yí padà sí ìyàwó, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Aṣọ òkú lo kọ bíìlì lé lórí? Òfin bàbá mi nìyẹn! Ṣé o ò béèrè ni?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù yẹn. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mò ń dúró de ẹnu rẹ̀. Mo ti ń wá irọ́ kejì tí n ó fi ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò béèrè. Ó yẹ kí n béèrè."

Mi ò béèrè! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

"Mú ìwé ìbéèrè rẹ wá bá mi ní aago mẹ́rin," ni Ọ̀gá wí. "N ó kà á lójú ewé lójú ewé. Tí mo bá tún rí irú èyí níbẹ̀, má padà wá mọ́, má sì retí ìyókù owó iṣẹ́ rẹ."

Ṣé ẹ rí i pé ohun tí mo fẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́? Ẹ wá ronú ohun tí mo ṣe. Mi ò ronú Tíṣà. Mi ò ronú ìyàwó tó wà lórí eékún. Ìwé búlúù yẹn ni mo rò, ojú ewé kọkànlélógójì: Kò sí. Ọkọ mi ló sọ ọ́. Aago mẹ́rin, Ọ̀gá yóò kà á. Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ fa ojú ewé náà ya.

Ìwé náà wà lórí àga tó ń yí. Mo ṣí i. Ogójì: ti gáùn dókítà tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tó kàn. Kejìlélógójì. Mo padà sẹ́yìn, mo fi itọ́ sọ́wọ́, mo tún ṣí i. Ogójì, kejìlélógójì. Láàárín wọn, eteetí pépà jágajàga kan ló kù, ibi tí wọ́n ti fà á ya. Ìyàwó ti fà á ya kí n tó dé.

Mo jókòó sórí àga náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó sí i, ó sì dára lóòótọ́. Mo wá jalè, olóhun ti jí i fún mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, owú tún gbé mi níbẹ̀. Kò tó pé ó kàwé, kò tó pé ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀, ó tún lè ṣe èyí! Ìwọ obìnrin yìí, kí ló dé tí o ò lè burú lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi? Mo sunkún títí ọrùn aṣọ mi fi tutù. Mo ti mọ̀ pé tí aago mẹ́rin bá lù tí mo dákẹ́, n ó máa jókòó sí àga yìí títí n ó fi darúgbó, mi ò sì ní lè wo ojú ọmọ yẹn nílé ìyá mi mọ́ láéláé.

Aago mẹ́rin lù. Mo tẹ̀ lé ìyàwó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá. Kó tó na ìwé náà, mo ní, "Ọ̀gá, ó béèrè. Ìbéèrè kọkànlélógójì ni. Èmi ni mo ní kò sí. Mo tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Tíṣà kó aṣọ wá, mo sì dákẹ́."

"Ọkọ mi, ẹ dákẹ́," ni ìyàwó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò dákẹ́. Ìdákẹ́ ló bà á jẹ́."

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Kí ló dé, Àǹtí?"

Mo fẹ́ sọ pé ó ti rẹ̀ mí, mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé. "Owú ni, sà," ni mo wí.

Ọ̀gá tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé aṣọ àti owó náà lọ fún Tíṣà. Ẹ̀yin fúnra yín. Láti ọ̀la, káńtà lẹ ó máa wà, ẹ ó máa gba aṣọ. Dírẹ́bà ni n ó fi sí yàrá bíìlì." Mo ní ẹ ṣeun, sà. Ó lè lé mi dànù, mo mọ̀.

Ìyàwó bá mi gbé àpò kan, ó ní òun ó dúró síta. Tíṣà jókòó ní pálọ̀. Fóònù náà wà lórí àpótí kan nítòsí ògiri, ó ń gba iná. Mo dọ̀bálẹ̀ tán bí ọkùnrin, mi ò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Mo ní, "Èmi ni, sà. Kì í ṣe ìyàwó wa. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó lọ."

Kò bú mi. Ó ní, "Láti ọjọ́ tó ti lọ, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Àwọn ọmọ ní kí n pa fóònù náà. Mo kàn ń fi iná sí i ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún yẹn, mò ń ka ìwé lọ́wọ́. Mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ké sí i ní kíṣìnnì, mo ní, 'Fóònù ẹ mà ń dún o!' Mo wá dúró kó dá mi lóhùn."

Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí sílẹ̀, a sì ń wò ó.

"Bá mi pa àwọn bíìlì yẹn rẹ́," ó wí nígbà tó yá. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jáde, mo pe ìyàwó. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Tíṣà, ó wá mú ìka mi, ìka tí kábọ́ọ̀nù ti ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yìí, ó fi hàn mí ibi tí n ó tẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Káńtà ni mo wà báyìí. Dírẹ́bà ń yí lórí àga bí ọba, ẹ jẹ́ kó máa yí. Ìyá mi ò tíì mọ nǹkan kan. Ó ṣì ń ní mò ń gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyàwó wá bá mi ní káńtà pẹ̀lú ìwé búlúù náà. Ó ti lẹ ojú ewé funfun kan mọ́ ibi tó ya, ó ti kọ nọ́ńbà pupa sí i lókè.

"Ọkọ mi," ó ní, "ìbéèrè kan sọ nù nínú ìwé mi. Mo fẹ́ fi í sínú ètò náà lónìí. Ṣé ẹnì kan wà tí a kì í kọ bíìlì fún rárá?" Ó na bírò sí mi. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́."

Mo gbà á. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ bíìlì láyé ọjọ́un, láìkánjú: Ó wà. Mo kọ òfin Bàbá sí i lẹ́sẹẹsẹ. Mo kọ orúkọ Màmá Tíṣà sábẹ́ rẹ̀, aṣọ mẹ́rìnlélógún, níbi tí owó yẹ kó wà mo fa ìlà kan ṣoṣo.

Ìyàwó wò ó títí. "Ọkọ mi, ọwọ́ ìkọ̀wé yín mà dára o."

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn.